Lẹ́tà Dókítà Tí Wọn Kò Ṣí

Ilé-ẹ̀kọ́ mi yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde nítorí pé mo ní wárápá, wọn kò sì jẹ́ kí dókítà kankan bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

Mo kọ ọ́ ṣókí bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òwe ni mò ń pa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì àṣekágbá, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé wa ní Ìbà Housing Estate. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn tó ṣe é mọ ara wọn, wọ́n sì mọ̀wé kà.

Ilé ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé ni ẹ̀bi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni Mọ́mì àti Dádì. Dádì ń kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Ìyànà-Ìbà; Mọ́mì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, Ọ̀jọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé kún pálọ̀ wa débi pé àlejò ní láti gbé wọn kúrò lórí àga kó tó jókòó. Síbẹ̀, nínú ilé tí ìwé kún yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe wárápá ní wárápá. "Ìyẹn" ni wọ́n ń pè é. "Ṣé ìyẹn wá lónìí?" "Ìyẹn ò gbọdọ̀ wá ní ṣọ́ọ̀ṣì o." Mọ́mì a máa fi omi gbígbóná bó bébà ara ìgò oògùn mi, á wá da hóró rẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí àlejò bá wà nílé lásìkò oògùn, á kọ́kọ́ fọgbọ́n mú àlejò náà kúrò ní pálọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ Oǹdó, ìdílé gidi. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: kí ìdílé kan tó gba ìyàwó, wọ́n á rán ẹni méjì tàbí mẹ́ta jáde láìpariwo, kí wọ́n lọ ṣe ìwádìí. Wọ́n á kí ẹni tó ń tajà lẹ́nu géètì, wọ́n á kí ará ilé òkè. Ṣé wèrè ò sí nínú ẹbí yẹn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí? Ṣé wárápá ò sí? Tí ẹnì kan bá kàn mirí lásán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nítorí náà, wọ́n fún mi ní gbólóhùn kan tí n ó máa sọ bí mo bá ṣubú níta: "Mi ò jẹun láàárọ̀ ni."

Mo sọ ọ́ títí tí ìyá tó ń gbé òdìkejì wa fi wá ká Mọ́mì mọ́lé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Mà, ẹ má bínú sí mi o. Ebi ló ń pa ọmọ yín yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dákú lẹ́nu géètì wa. Ẹ̀yin méjèèjì ń gbowó oṣù, kí lẹ̀ ń fi í ṣe tẹ́ ò lè bọ́ ọmọ?"

Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀wà náà, ó dúpẹ́. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pe òun ní ahun ju kí wọ́n pe àìsàn mi lórúkọ lọ. Mo jẹ ẹ̀wà náà. Ó dùn.

Ohun tí mò ń fẹ́ nígbà yẹn kò pọ̀. Wọ́n ti yọ ìdè ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa kí n má baà ti ara mi mọ́bẹ̀ kí n sì ṣubú. Mo fẹ́ wẹ̀ nínú balùwẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi tì. Mo fẹ́ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà-Ìbà láìsí ẹni tó di apá mi mú bí ìyá arúgbó. Mo fẹ́ pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi, kí a jọ kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kí a jọ máa bú tíṣà lábẹ́lẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ ìdánwò, kí nọ́ńbà mi tẹ̀lé nọ́ńbà ẹni tó wà níwájú mi. Ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí lè sọ pé kí ló wà níbẹ̀. Gbogbo ayé mi ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo ṣubú ní asẹ́ńbílì. Èmi ni mo fẹ́ ka ìròyìn láàárọ̀ yẹn. Mo rántí pé mo gbé bébà sókè. Mo rántí òórùn kan bíi ti irin tó ń jóná, èyí tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wá. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ ìyókù fún mi. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ògùn, ìyá rẹ̀ ń ta wáyà iná ní Alábà, èmi àti òun la jọ ń lo tábìlì kan. Ó ní bí mo ṣe kanlẹ̀ báyìí ni gbogbo èèyàn fọ́nká. Tíṣà kan ń kígbe pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Itọ́ yẹn ń ranni!" Òmíràn ní kí wọ́n wá ṣíbí. Tíṣà tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ ló ki ṣíbí onírin náà bọ̀ mí lẹ́nu, ó sì fi kán eyín iwájú mi kan sí méjì. Ìdajì eyín yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì bu iyẹ̀pẹ̀ bo itọ́ mi nílẹ̀, wọ́n sì da díẹ̀ sí mi lọ́rùn mọ́ ọn. Ẹlòmíràn gbé fóònù sókè, fóònù tí òfin ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ kankan má mú wá. Fídíò náà gùn tó ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Mo ti wò ó. Èèyàn kan ṣoṣo ló kúnlẹ̀ nínú rẹ̀: ọ̀rẹ́ mi, ó ká ìbòrí rẹ̀ sábẹ́ orí mi.

Nígbà tí mo lajú, ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀, kò sì sẹ́nìkan ní ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́wàá sí mi àfi òun. Mo sọ gbólóhùn tí wọ́n kọ́ mi.

"Mi ò jẹun láàárọ̀ ni."

Ọmọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ebi tìẹ ń hó bí ọṣẹ o!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó pa àwọn tíṣà náà lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá tábìlì mi lẹ́yìn pátápátá, èmi nìkan. Wọ́n ti gbé ọ̀rẹ́ mi lọ síwájú láìbi í léèrè. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pe Mọ́mì. Mo wà níbẹ̀, mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

"Mà, láti Ọjọ́ Ajé làwọn òbí ti ń pè mí," ni ọ̀gá wí. "Kí ni kí n sọ fún wọn? Kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an?"

Mo wo ẹnu Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá n kì bá tí kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

"Sà," ló wí, "iṣẹ́ ọ̀tá ni."

Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tá kì í ṣe ohun àjogúnbá. Wọ́n lè gbàdúrà kó bá tirẹ̀ lọ, kò sì kan ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi máa bí. Wárápá ni àwọn èèyàn máa ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Mọ́mì mú èyí tí kò ní ba ìgbéyàwó jẹ́, ó sì fi èmi san owó rẹ̀.

Ojú ọ̀gá mọ́lẹ̀. "Ẹ ò bá ti tètè sọ! Tó bá jẹ́ tẹ̀mí ni, ó rọrùn. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Kí pásítọ̀ kọ̀wé pé ó ti bọ́. Ìwé yẹn ni kó mú wá kí n tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdánwò."

"Ṣé ti pásítọ̀ tó, sà?"

"Ó ju tó lọ, mà."

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ wà lára ògiri lókè orí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, nínú gíláàsì.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkókómáíkò lójoojúmọ́, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta táyà, lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka ìwé. N kò ní purọ́ mọ́ pásítọ̀. Kò nà mí, kò so mí mọ́lẹ̀. Ó ní bí mo bá lo ogójì ọjọ́ láìṣubú, òun á kọ ìwé náà. Ó tún sọ lórí àga ìwàásù pé ẹni tó gbé ìgbàgbọ́ dání kì í gbé iyèméjì dání pẹ̀lú. Òun kò sọ pé kí n dá oògùn dúró. Mọ́mì ló délé, tó gbé agolo mílíìkì kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, tí n kò sì rí i mọ́. Olúkúlùkù ní ìwọ̀n ẹ̀bi tirẹ̀, n kò sì ní gbé ti ẹnì kan lé ẹlòmíràn lórí.

Nígbà tí mò ń lo oògùn, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta ni mo máa ń ṣubú. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan nínú rẹ̀, orí àkàsọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí mo bá ti ṣubú, pásítọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọjọ́ kìíní. Kò fẹ́ kọ ìwé irọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí wọ́n ṣe hun ún: wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí ìwòsàn wá, wọ́n sì gba ohun tó ń wò mí lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Dádì níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n máa tó ti fọ́ọ̀mù ìdánwò pa."

"Ìyá rẹ mọ ohun tó ń ṣe," ló wí. Kò gbójú sókè. Ó ṣí ewé tó kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gba ọsibítù ìjọba lọ. Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀, èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀, èmi nìkan ni mo tò sórí ìlà. Dókítà tí mo bá jẹ́ obìnrin, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó wo káàdì mi, ó wo àpá tuntun tó wà níwájú orí mi.

"Ta ló ní kí o dá oògùn dúró?"

Mo fi ọwọ́ bo àpá náà.

"Mò ń bi ẹ́. Ta ni?"

"Ilé wa ni, mà."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún mi ní oògùn mi lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè, ó fa bébà sọ́dọ̀. "Ṣé kí n kọ orúkọ àìsàn náà síbẹ̀? Àwọn kan máa ń bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́, mà. Ẹ jẹ́ kó hàn gàdàgbà."

Ìlà mẹ́fà ni. Ó ní mo ní wárápá. Ó ní kì í ranni, ìbáà jẹ́ nípa itọ́, ìbáà jẹ́ nípa àjọjẹ. Ó ní oògùn wà fún un, mo sì ti padà sórí rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ní kí n má ṣe ìdánwò. Ó ní bí mo bá ṣubú, kí wọ́n yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má ki ohunkóhun bọ̀ mí lẹ́nu. Ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀, ó sì dí i mọ́ inú àpò-ìwé.

Mo gbé e lọ tààrà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wo àpò-ìwé tí mo gbé ka orí tábìlì rẹ̀.

"Èwo tún nìyí?"

"Lẹ́tà dókítà ni, sà."

"Ti dókítà kọ́ ni mo ní kí o mú wá."

"Ti pásítọ̀ ò lè jáde, sà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Àìsàn ni."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi? Ìyá ẹ jókòó síbí, ó ní ọ̀tá ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Ẹ kàn ṣí i, sà. Ìlà mẹ́fà péré ni."

Kò fọwọ́ kàn án. Ó mú rúlà, ó fi ń ti àpò-ìwé náà díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì títí tó fi já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. "Mú nǹkan ẹ, máa lọ. Orúkọ ti lọ."

Ọ̀rọ̀ "orúkọ ti lọ" yìí, irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi tún ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe lórí ìwé orúkọ kan náà ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìgbà yẹn, nínú ọ́fíìsì kan náà.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àkókò ìsinmi ni, gbogbo kíláàsì wà níta. Mo ya àpò-ìwé náà, mo dúró lórí pèpéle, mo sì ka lẹ́tà náà sókè, mo kọ́kọ́ kà á lédè Òyìnbó bí dókítà ṣe kọ ọ́, mo sì tún un sọ ní Yorùbá kí àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ògiri náà lè gbọ́. Wárápá ni. Kì í ranni. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu. Ohùn mi gbọ̀n ní ìlà kìíní; kò gbọ̀n mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ara mi.

Tíṣà tó fọ́ eyín mi yọjú. "Háà! Ojú ò tiẹ̀ ti ọmọ yìí!"

"Kò tì mí, mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kán eyín mi ni kójú tì."

Ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni, wọ́n sì mú kó kúnlẹ̀ títí aago ìlọlé fi lù nítorí àtẹ́wọ́ yẹn. Àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi fún ìyẹn náà.

Nígbà tí mò ń jáde, mo gba ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkéde kọjá. Wọ́n ti fi báírò pupa fagi lé orúkọ mi lára ìwé orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò. Ìlà náà gún régé. Ẹnì kan ti fara balẹ̀.

Nílé, Mọ́mì ti gbọ́ kí n tó dé. Ìròyìn ń sáré ju ọ̀kadà lọ nínú ẹ́síteètì wa. "O ti tú wa síta," ló wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará Oǹdó?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. "Mọ́mì, èmi ni mò ń lọ sílé ọkọ. Èmi náà ni màá sọ fún wọn." Ó sì sọ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé mò ń lo oògùn mi déédéé? Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo ìjàǹbá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sínú balùwẹ̀ wa, mo gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Ọdún kejì ni mo ṣe tèmi, láàárín àwọn àjèjì, nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀jọ́. Mo fún olùṣọ́ ìdánwò náà ní ẹ̀dà lẹ́tà kan náà. Ó kà á tán láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí ẹ," ó sì ń pín ìwé lọ. Mo yege. Mo wọ yunifásítì, mo sì gboyè jáde. N kò sọ èyí kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ṣì máa ń ṣubú nígbà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn mi di ti ẹ̀rí ìwòsàn, kó wá ìtàn ẹlòmíràn lọ. Ọdún kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, gbígbà ni wọ́n gbà á, àṣeyọrí tó tẹ̀ lé e kò sọ ọ́ di ẹ̀bùn.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: kí ló wà nínú àpò-ìwé tí ẹ kò ṣí tó dẹ́rù bà yín tó bẹ́ẹ̀? Òfin wo, ní ìpínlẹ̀ yìí, ló ní kí pásítọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ tó ṣe ìdánwò? Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé orúkọ ti lọ nígbà tí kò tíì lọ? Ta ló fa ìlà pupa yẹn? Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ fọ́ eyín mi, ta ló kọ́ yín pé kí ẹ ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu? Ẹ̀yin aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ máa ń wá ṣe àyẹ̀wò, tẹ́ ẹ máa ń ka àga àti fèrèsé, kí ló dé tí ẹ kò béèrè ọmọ tí kò sí nínú gbọ̀ngàn? Dádì, Mọ́mì, mo nífẹ̀ẹ́ yín, n kò sì yọ yín sílẹ̀: ta lẹ̀ ń dáàbò bò, kí ló sì dé tí kì í fi í ṣe èmi?

Ọmọ mìíràn wà nínú kíláàsì yín lónìí tó ń sọ pé òun ò jẹun láàárọ̀. Kí lẹ máa ṣe fún un bó bá ṣubú lọ́la? Ẹ má rán àgbà sí mi láti bẹ̀ mí. Ẹ kọ èsì yín sílẹ̀, kí olúkúlùkù buwọ́ lu tirẹ̀.